Bíbá Ẹ̀rọ tí Kì í Tẹ́tí Sọ̀rọ̀: Ìtàn Gìtá Òmìnira àti Orin Ẹ̀rọ

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin léèrè pé ìgbà wo ni gìtá jáàsì àti orin ẹ̀rọ kọ́kọ́ pàdé, ọ̀pọ̀ ló máa ní ìgbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé orí ìtàgé ni, ìyẹn ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá. Ìdáhùn yẹn ò burú, àmọ́ ó fo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kọjá. Orin ẹ̀rọ tí mò ń sọ níbí ni orin tí iná mànàmáná ń dá ohùn rẹ̀, tàbí tí iná ń yí ohùn rẹ̀ padà kó tó dé etí wa: téèpù, rédíò, ẹ̀rọ agéhùn, kọ̀ǹpútà. Gìtá tí mò ń sọ ni ti jáàsì òmìnira, èyí tí wọ́n ń pè ní free jazz, àti ti àwọn avant-garde tí wọ́n tún gba iwájú rẹ̀ kọjá. Láti ọdún 1965 ni gìtá yìí àti ẹ̀rọ ti jọ wà nínú yàrá kan náà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí sọ. Àwọn onígìtá tó lọ bá ẹ̀rọ kò lọ torí pé ẹ̀rọ jẹ́ tuntun. Wọ́n ń wá ẹnìkejì ni, ẹni tí wọn ò lè mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ èdè lèyí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fi yọjú sí ọ̀rọ̀ orin. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ. Níbi tí ìtàn náà ń lọ, gbèsè kan wà níbẹ̀ tí wọn ò san fún ẹni tó ni ín.

Ohun tó kọ́kọ́ dí gìtá lọ́wọ́

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1960, Ornette Coleman kó olórin méje mọ́ra ní New York, wọ́n sì gbá orin kan tó gùn tó ìṣẹ́jú 37 láìdúró. Free Jazz ni wọ́n pe àwo náà nígbà tó jáde, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn sì ti tàn káyé. Sáksófóònù wà níbẹ̀, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, béèsì méjì, onílù méjì. Gìtá ò sí níbẹ̀.

Kò yani lẹ́nu. Ọrùn gìtá ní àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀. Irin wọ̀nyẹn ló ń pààlà sáàárín ohùn kan àti èkejì. Onísáksófóònù lè yọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí dáadáa: yàtọ̀ sí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, a tún ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè àti ẹlẹ́yọ̀ọ́rodò, onídùndún a sì máa fún ọṣán ìlù rẹ̀ kó lè yọ́ bẹ́ẹ̀. Onígìtá lè fa okùn díẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ irin yẹn ò ní jẹ́ kó rìn jìnnà. Ìkejì ni pé iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé fún gìtá nínú ẹgbẹ́ jáàsì ni pé kó máa to kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Kọ́ọ̀dù gan-an sì ni òfin tí Coleman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún. Ta ló máa ń pe agbófinró síbi tí wọ́n ti ń rú òfin?

Sonny Sharrock, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ New York ní 1940, gbọ́ John Coltrane, ó sì fẹ́ di onísáksófóònù. Ikọ́ fée ò jẹ́. Gìtá ló wá gbà, àmọ́ sáksófóònù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń gbo okùn kíákíá títí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan fi máa pòórá sínú igbe kan ṣoṣo, ó sì ń fi irin yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí okùn kó lè fo àwọn ààlà wọ̀nyẹn dá. Ní 1966 wọ́n ká ohùn rẹ̀ sínú Tauhid, àwo Pharoah Sanders. Sanders yìí kan náà ló dúró ti Coltrane ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹrin, 1967, nínú ilé àṣà tí Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, dá sílẹ̀ ní Harlem. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Coltrane fi kú. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà tí Sharrock ń tọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé wa kọjá.

Ní 1970, Sharrock wà níbi tí Miles Davis ti ń gbá orin tó wá di àwo Jack Johnson. Ó gba ohùn gìtá rẹ̀ gba inú Echoplex, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká ohùn sórí téèpù, tó sì ń pè é padà léraléra bíi gbohùngbohùn inú àfonífojì. Nígbà tí àwo náà jáde ní 1971, orúkọ Sharrock ò sí lára páálí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe òun nìkan nirú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí nínú ìtàn yìí.

Gìtá tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì

Irú ẹ̀rọ tí Sharrock lò ṣì ń gbọ́ràn sí olórin lẹ́nu: ohun tó bá gbá ni ẹ̀rọ máa pè padà. Kí ọdún 1970 tó dé rárá, ẹnìkan ti ń gbìyànjú ẹ̀rọ tí kì í gbọ́ràn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Keith Rowe lorúkọ rẹ̀, ọmọ Plymouth, tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Ó ń gbá gìtá nínú ẹgbẹ́ jáàsì Mike Westbrook. Nígbà tó yá, ó pinnu pé òun ò ní tún ohùn okùn gìtá òun ṣe mọ́. Ẹ fojú inú wo wàhálà tí ìyẹn máa dá sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ń ka orin lórí ìwé! Ní 1965, òun, Eddie Prévost onílù àti Lou Gare onísáksófóònù dá ẹgbẹ́ AMM sílẹ̀.

Ẹni tí Rowe ti rí ọgbọ́n kọ́ kì í ṣe olórin. Jackson Pollock, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ti gbé aṣọ tó ń ya àwòrán lé kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ń da ọ̀dà lé e láti òkè. Rowe náà gbé gìtá kúrò láyà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bó ṣe tẹ́ ẹ báyìí, gbogbo ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ látọjọ́ yìí di asán. Gìtá di àtẹ. Ó kó ọ̀bẹ lé e, ó kó ayùn kéékèèké lé e, ó gbé fáànù kékeré wá, ó sì gbé rédíò wá.

Ẹ di rédíò yẹn mú o, torí a máa padà sí i. Lábẹ́ okùn gìtá oníná ni ohun tí wọ́n ń pè ní pickup wà: òòfà tí wọ́n wé wáyà mọ́. Bí okùn irin bá mì lókè rẹ̀, iná díẹ̀ á máa sáré nínú wáyà náà, anpilifáyà á gbé e ga, sípíkà á sọ ọ́ di ohùn. Pickup ò mọ̀ bóyá okùn ló ń bá òun sọ̀rọ̀ tàbí nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá gbé rédíò kékeré sún mọ́ ọn, iná tó ń mì nínú sípíkà rédíò náà á kó wọ inú pickup, ohùn rédíò á sì gba inú gìtá jáde. Ìyẹn ni pé gìtá oníná ti jẹ́ ẹ̀rọ láti ilẹ̀ wá. Rowe kàn jẹ́wọ́ ohun tí àwọn yòókù ń fi ọgbọ́n bò ni.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí rédíò náà máa sọ. Ó lè jẹ́ ìròyìn, ó lè jẹ́ ìpolówó, ó lè jẹ́ orin ìjọ, tàbí èdè tẹ́nikẹ́ni nínú yàrá ò gbọ́. Rowe ò lè bá a dámọ̀ràn, kò sì lè bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ohun tó bá wá ló máa gbà, á sì wá ibi tó máa fi í sí.

Cornelius Cardew dara pọ̀ mọ́ AMM ní 1966. Ọkùnrin yìí ti bá Karlheinz Stockhausen ṣiṣẹ́ ní Jámánì gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, Stockhausen sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú orin ẹ̀rọ ní ìlú Cologne. Nínú orin ti Cologne, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fi ìwọ̀n wọ̀n sórí téèpù ṣáájú. Nínú orin AMM, kò sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ rárá. Ọmọ ilé kan náà ló wá ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà.

Ìwé tó ń kọrin

Cardew nìkan kọ́ ló ti ọ̀dọ̀ Stockhausen wá. Hugh Davies náà ṣe olùrànlọ́wọ́ fún un láti 1964 sí 1966. Nígbà tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó dá iyàrá orin ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Goldsmiths. Owó ẹ̀rọ wọ́n nígbà náà, Davies sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun àlòkù ilé ṣe ohun èlò orin. Ní 1968 ó mú ẹ̀yìn ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò kan tí inú rẹ̀ ti ṣófo, ó to irin àti sípíríǹgì kéékèèké sínú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́ ọn. Bó bá fi ìka tọ́ wọn tàbí tó fi nǹkan ha wọ́n, ohùn á jáde. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé náà ni SHO–ZYG, ìyẹn pé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti SHO dé ZYG ló wà nínú rẹ̀. Davies pe ohun èlò náà ní Shozyg.

Inú mi máa ń dùn sí orúkọ yìí. Ìwé tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kó ọ̀rọ̀ kúrò, wọ́n fi ariwo rọ́pò rẹ̀. Àmì tó wà fún wíwá ọ̀rọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà sì ti di ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ níbì kankan. Ẹ mú un lọ sí kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ ó rí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe lórí rẹ̀.

Láti 1968 sí 1971, Davies gbé Shozyg àti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ yòókù lọ sínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Music Improvisation Company. Evan Parker ń fọn sáksófóònù níbẹ̀, Jamie Muir ń lù, Derek Bailey ló sì ń gbá gìtá. ECM, ilé iṣẹ́ àwo orin ní Jámánì, ká wọn sílẹ̀ ní 1970. Ní etí tèmi, ibi tí gìtá òmìnira àti orin ẹ̀rọ ti di ọmọ ìyá nìyẹn. Bailey ní pẹ́dà kan tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti gbé ohùn ga tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Á ta okùn nígbà tí ohùn ṣì wà nílẹ̀, á wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, tí a ò fi ní gbọ́ bí ó ṣe ta okùn náà. Bí ẹni tó gé kọ́ńsónáǹtì iwájú ọ̀rọ̀ dànù ni, tí fáwẹ̀lì nìkan ṣẹ́kù. Kọ́ńsónáǹtì la sì fi ń mọ̀ pé gìtá ni gìtá. Bí wọ́n ti gé e, kò rọrùn mọ́ láti mọ èwo ni ti Bailey, èwo ni ti Davies.

Èdè tó jẹ́ pé ẹnìkan ló ń sọ ọ́

Ta ni Bailey yìí? Sheffield ni wọ́n ti bí i ní 1930. Kó tó di olórin òmìnira, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá gìtá fún owó nínú ilé ijó, ní ilé iṣẹ́ rédíò, àti lẹ́yìn àwọn aláwàdà. Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò mọ gìtá gbá ló ń dárà. Gbogbo èdè tí gìtá ń sọ nígbà náà ló gbọ́, tó sì ń sọ bí ọmọ onílé. Láàárín 1963 sí 1966, òun, Gavin Bryars àti Tony Oxley bẹ̀rẹ̀ sí í tú èdè wọ̀nyẹn palẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Sheffield, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Joseph Holbrooke. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1980 Bailey tẹ ìwé kan jáde lórí orin àtinúdá, ìyẹn orin tí olórin ń dá lójú ẹsẹ̀. Ó pín in sí méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà lábẹ́ èdè orin kan: jáàsì, orin Íńdíà, flamenco, orin dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkejì ni èyí tí kò sí lábẹ́ èdè kankan, ó sì ka tirẹ̀ mọ́ ìkejì yìí. Ọ̀rọ̀ tó lò ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ èdè tààrà, nítorí náà mo rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a wí níbẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ tí kò sí lábẹ́ èdè kankan wà? Ẹni tó bá ti gbọ́ Bailey nígbà mẹ́ta, bó bá tún gbọ́ ohùn mẹ́rin péré lẹ́ẹ̀kẹrin, á ti mọ̀ pé òun ni. Ohùn kan ga fíofío, èkejì jìn wálẹ̀, ìkẹta jẹ́ ohùn wẹ́rẹ́ tó ń dún bí agogo kékeré, ìdákẹ́jẹ́ wá tẹ̀ lé e. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ irú nǹkan báyìí. Èdè ẹnìkan ni, bí olúkúlùkù wa ṣe ń sọ̀rọ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá kàn ní hẹ́lò lórí fóònù, a ti mọ̀ ọ́n. Bailey ò bọ́ lọ́wọ́ èdè. Ó dá èdè tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń sọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Wàhálà irú èdè bẹ́ẹ̀ sì ni pé ta lẹ máa bá sọ ọ́? Mo rò pé Bailey mọ ìṣòro yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti 1977 dé 1994 ló ń ṣe ètò tó pè ní Company Week: á kó àwọn olórin láti ibi oríṣiríṣi jọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tíì bá ara wọn ṣeré rí. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ẹ kó àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn sínú ọjà kan, ẹ wò ó bóyá wọn ò ní dá èdè àmúlùmálà kan sílẹ̀ kí ọjà tó tú. Àjèjì kì í pẹ́ di ojúlùmọ̀. Bí ẹ bá ti di ojúlùmọ̀ tán, ìwọ ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, òun náà ti mọ tìrẹ. Níbo lèèyàn á ti rí àjèjì tí kò ní di ojúlùmọ̀ láéláé?

Rédíò tí kò gbàwé àṣẹ

Hackney ni Bailey ń gbé, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, orí òrùlé àwọn ilé gogoro ìjọba ládùúgbò náà kún fún èríà rédíò tí kò gbàwé àṣẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń dá wọn sílẹ̀, ìjọba á wá tú u, wọn á tún lọ gbé òmíràn sí òkè ilé mìíràn. Kool FM, tó bẹ̀rẹ̀ ní Hackney ní 1991, wà lára àwọn tó lókìkí jù. Orin jungle, tó wá di drum and bass, ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Ọmọ ọ̀pọ̀ bàbá lorin yìí: sípíkà ńláńlá àwọn ará Jàmáíkà wà nínú rẹ̀, ìlù hip-hop láti Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, ariwo pátì ọ̀gànjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà nínú rẹ̀. Ó máa ń sáré tó 160 sí 170 ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀gbẹ́ni Bailey, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a máa tan rédíò nílé, á gbé gìtá, á sì bá a ṣeré. Àwọn kan lára ohun tó ká sílẹ̀ nílé báyìí ti jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìlù ń sáré, ẹnìkan ń pariwo kí àwọn ọmọ àdúgbò, ohùn ń lọ ó ń bọ̀, gìtá bàbá àgbà sì wà láàárín rẹ̀, kò bá ìlù jó, kò sì sá fún un. Àjèjì tó ń wá ló rí yìí. Rédíò ò mọ̀ pé ẹnìkan ń bá òun sọ̀rọ̀. Bó ti wù kí Bailey bá a ṣeré pẹ́ tó, kò ní di ojúlùmọ̀ rẹ̀.

Ní 1996 àwo kan jáde látinú eré ìdákọ́ yìí: Guitar, Drums 'n' Bass, lábẹ́ Avant, ilé iṣẹ́ àwo tó wà ní Japan tí John Zorn ń bójú tó. DJ Ninj ti Birmingham ló ṣe ìlù rẹ̀ ṣáájú, Bailey wá gbá gìtá lé e lórí. Àwọn kan pè é ní ẹ̀fẹ̀ àgbà, àwọn kan ní bàbá arúgbó ń sáré tẹ̀ lé ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sáré tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà Shozyg náà ló ń ṣe. Tí wọ́n bá bi mí, mo fẹ́ràn ti rédíò ju ti àwo lọ. Lórí àwo, ìlù wá létòlétò, ó dúró de gìtá. Rédíò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àbí ẹnì kan lè bá ohun tí kì í tẹ́tí sọ̀rọ̀ ní ti gidi? Àwọn ojúgbà mi kan máa ní rárá, pé ìtàkùrọ̀sọ ò sí láìsí ẹni méjì tó ń gbọ́ra. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. A máa ń ki ẹni tó ti kú, kò sì dáhùn. A ń pe ọfọ̀ sí ewé, ewé ò wí nǹkan. Síbẹ̀, ẹni tó ń kì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ní olúwa, kì í sì í sọ ọ́ bákan náà bíi pé òun nìkan wà nínú yàrá. Fífetísílẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo tó láti sọ ariwo di ọ̀rọ̀. Àmọ́ o, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká béèrè ta ló wà lódìkejì.

Ta ló ń lùlù nínú ẹ̀rọ?

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè parí ìtàn yìí sọ́dọ̀ Bailey. A ní ẹ̀rọ ló ń lùlù nínú jungle. Irọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ agéhùn, tí wọ́n ń pè ní sampler, kì í dá ìlù sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń gé ohùn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni, ó ń tún un tò, ó ń mú un yára.

Ní 1969, ẹgbẹ́ kan láti Washington tó ń jẹ́ The Winstons ṣe àwo kékeré kan. Orin ojú kejì rẹ̀ ni wọ́n pè ní “Amen, Brother”. Láàárín orin náà, gbogbo ohun èlò dákẹ́, onílù wọn, Gregory Coleman, wá dá lù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje. Ó tán. Láti àárín àwọn ọdún 1980, àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìṣẹ́jú àáyá méje yìí, ó wọ inú hip-hop, ó sì di ọ̀pá tó gbé jungle ró. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n yí i padà, wọ́n mú un sáré ju bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè lù ú lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ló wà nínú rẹ̀ lónìí.

Gregory Coleman ò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Ó kú ní 2006 nínú ìṣẹ́, kò ní ilé lórí. Ní 2015, àwọn olólùfẹ́ orin náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá owó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní 20,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì kó o fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ The Winstons. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n onílù fúnra rẹ̀ ti lọ. Níbi ayẹyẹ lọ́dọ̀ tiwa, bí àyàn bá lùlù tó dùn mọ́ni, a máa ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí níbẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lẹ kọ́bọ̀ mọ́ Coleman níwájú orí.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò Hackney. Àjèjì tí kì í tẹ́tí, tí a rò pé ẹ̀rọ ni, èèyàn ló wà nínú rẹ̀: onílù tó lù ní 1969, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì rìn jìnnà ju òun alára lọ. Bó ṣe rí fún Sharrock lórí páálí Jack Johnson ló rí fún Coleman, tirẹ̀ tún wá burú jù.

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà

Ohun tó kù kò pọ̀. Ní 1997 Keith Rowe bá àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dá ẹgbẹ́ MIMEO sílẹ̀, tí ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀. Christian Fennesz ará Vienna wà níbẹ̀, ó sì gbé Endless Summer jáde ní 2001: ó gba gìtá sínú kọ̀ǹpútà, ó fọ́ ọ túútúú, tó fi jẹ́ pé òórùn gìtá nìkan lèèyàn ń gbọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dé bá ilẹ̀kùn tó ti ṣí láti 1965 ni. Bailey kú ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2005.

Kí n má baà parọ́ mọ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ adití. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni George Lewis, afọn-tìròmbóònù láti Chicago, ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní Voyager, tó ń gbọ́ ohun tí olórin ń ṣe tó sì ń fèsì bó ṣe wù ú. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń fèsì ti di ti gbogbo ayé, ó ti wà nínú fóònù ọmọ iléèwé. Àwọn èèyàn wá ń béèrè bóyá ó gbọ́ wa lóòótọ́. Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ ìtàn gìtá yìí kọ́ mi láti fi òmíràn ṣáájú rẹ̀: ohùn ta ni wọ́n gé sínú rẹ̀, kí la sì fún olóhùn? Rowe ṣí rédíò, Bailey tan rédíò, wọ́n sì fetí sílẹ̀ dáadáa. Ohun tó yẹ kí fífetísílẹ̀ tẹ̀ lé ni pé kí á mọ orúkọ ẹni tí à ń gbọ́. Gregory Coleman lorúkọ ti inú jungle. Ẹ bá mi pè é.